Ta ló di síńkì mú, báwo ló sì ṣe dì í mú tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọdún kejì ìwádìí mi nìyí. Mo fi kọ̀ǹpútà ṣètò purotéènì kékeré kan tó ní amino acid 32 (àwọn ẹyọ tí a fi ń kọ́ purotéènì). Cysteine méjì àti histidine méjì ni mo fi sínú rẹ̀ kí wọ́n lè di síńkì mú. Mo pò ó ní 50 µM, mo ń kán síńkì sí i díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi CD, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo bí purotéènì ṣe ká, wò ó. Ó ká bí mo ṣe fẹ́, kọ̀ǹpútà sì ṣírò Kd rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìdìmú ṣe le tó, sí 40 nM. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tó yẹ iṣẹ́ mi wò ní òun kò gba 40 nM yẹn gbọ́, pé n kò sì tíì fi hàn pé ibi tí mo fẹ́ ni síńkì jókòó sí. Ó tún bi mí bóyá bàbà kò ní gba ipò síńkì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Kí èèyàn ronú purotéènì kan tí kò sí láyé tẹ́lẹ̀, kí ó ṣe é, kí ó sì rí i pé ó ká nígbà tí síńkì dé, ohun ayọ̀ ńlá ni. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan nọ́ńbà tí a fi oṣù mélòó kan wá. Síbẹ̀, òótọ́ lẹni yẹn sọ. 40 nM yẹn kì í ṣe ti péptáìdì rẹ, ìyẹn purotéènì kékeré yẹn. Ti 50 µM tí o pò ni.

Kí ni Kd? Òun ni ìwọ̀n síńkì tó ń dá rìn nínú omi ní àkókò tí ìdajì péptáìdì ti ní síńkì lọ́wọ́, tí ọwọ́ ìdajì kejì sì ṣófo. Bí ó bá ṣe kéré tó ni ìdìmú náà ṣe le tó (1 µM jẹ́ 1,000 nM, 1 nM sì jẹ́ 1,000 pM). Nínú ìgò rẹ, nígbà tí o ti kán síńkì 25 µM sí péptáìdì 50 µM, bí Kd bá jẹ́ 40 nM, síńkì tó ń dá rìn kò ju 40 nM lọ. Bí ó bá jẹ́ 1 pM, 1 pM ni. Lójú ẹ̀rọ rẹ, ọ̀kan náà ni méjèèjì: gbogbo síńkì tí o kán sí i ni péptáìdì gbé. Ìlà tí wàá rí yóò gùn gbọọrọ lọ sókè títí síńkì àti péptáìdì yóò fi dọ́gba, lẹ́yìn náà yóò tẹ́jú. Ibi kan ṣoṣo tí Kd ti lè fi ara hàn ni igun tí ìlà ti yà yẹn. Ṣírò rẹ̀ wò: bí Kd bá jẹ́ 40 nM, péptáìdì tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ní igun náà kò tó 3 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ 1 nM, kò tó ìdajì 1 nínú 100. Ǹjẹ́ ìwọ̀n péptáìdì rẹ dá ọ lójú dé 3 nínú 100? Bí kò bá dá ọ lójú tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe inú ìwọ̀n yẹn ni kọ̀ǹpútà gbà, tó sì pè ní Kd. Bí a bá ní kó wá nọ́ńbà, yóò wá a fún wa, kódà nígbà tí kò sí nǹkan kan nínú àwòrán tó lè bí nọ́ńbà náà.

Má jù àwòrán yẹn nù o. Ó sọ ohun kan, ó sì sọ ọ́ dáadáa: síńkì kan sí péptáìdì kan. Bí igun náà bá ti yà ní ìdajì, ohun tí yóò sọ ni pé péptáìdì méjì ló ń pín síńkì kan, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an sí péptáìdì kúkúrú. Iye lo rí. Agbára ìdìmú ni o kò tíì rí.

O lè wá ní kí o pò ó kó fúyẹ́, kí ìwọ̀n péptáìdì sún mọ́ Kd. Ní 40 nM, CD kò ní rí nǹkan kan. Kódà bí ẹ̀rọ mìíràn bá lè rí i, síńkì tó ti ara ìgò, ìbọ̀wọ́ àti eruku wọ inú omi rẹ lè pọ̀ ju èyí tí o fẹ́ kán sí i lọ. Ọ̀nà tó kù ni ìdíje, òun sì ni mo fẹ́ kí o fi ọ̀pọ̀ àkókò rẹ sí.

Bí èèyàn méjì bá lágbára débi pé kò sí òṣùwọ̀n tó lè wọ̀n wọ́n, jẹ́ kí wọ́n jọ fa okùn kan náà. Bí a bá ti mọ agbára ọ̀kan, ibi tí okùn bá dúró sí ni yóò sọ ti èkejì. Síńkì ni okùn rẹ. Ẹni tí a ti mọ agbára rẹ̀ ni mólékù mìíràn tó ń di síńkì mú, tí Kd rẹ̀ ti dájú, tó sì sàn kó máa yí àwọ̀ padà bí síńkì bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ká ní o po péptáìdì 10 µM, alátakò 10 µM tí Kd tirẹ̀ jẹ́ 1 pM, àti síńkì 10 µM pọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, àwọ̀ sọ fún ọ pé síńkì 9 µM wà lọ́wọ́ alátakò, 1 µM ló kù sọ́wọ́ péptáìdì. Alátakò tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo jẹ́ 1 µM, èyí tó ní síńkì jẹ́ 9 µM, nítorí náà síńkì tó ń dá rìn jẹ́ ìlọ́po 9 Kd alátakò: 9 pM. Péptáìdì tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo jẹ́ 9 µM, èyí tó ní síńkì jẹ́ 1 µM, nítorí náà Kd péptáìdì jẹ́ ìlọ́po 9 ti 9 pM: 81 pM. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. 10 µM lo fi ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ rẹ sì rí i dáadáa, síbẹ̀ o wọn ohun tó fi ìlọ́po tó lé ní 100,000 kéré sí i.

Alátakò tó yàtọ̀ jù sí péptáìdì rẹ kò wúlò. Bí ó bá lágbára jù, yóò gba gbogbo síńkì. Bí ó bá rọ̀ jù, kò ní rí nǹkan kan gbà. Fún ìdìmú tó wà láàárín ọ̀pọ̀ nM, mag-fura-2 àti FluoZin-3 dára. Kd FluoZin-3 sí síńkì jẹ́ bíi 15 nM. Quin-2 lè bá ọ dé agbègbè pM. EDTA le ju ìyẹn lọ; kò ní àwọ̀, àmọ́ o lè máa wo péptáìdì fúnra rẹ̀ nínú CD bí EDTA ṣe ń gba síńkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ra fún nọ́ńbà inú ìwé: agbára EDTA tí wọ́n kọ síbẹ̀ (log K 16.5) jẹ́ ti EDTA tí kò ní hydrogen kankan lára mọ́. Ní pH 7, hydrogen ti gba àyè lára rẹ̀, agbára náà sì ti dín ní ìlọ́po bíi 2,000. Mo ti rí iṣẹ́ tó dára tó bàjẹ́ níbí yìí nìkan.

Ohun kejì tó ṣe pàtàkì nínú ìdíje ni pé kí o wá a láti ìhà méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, kọ́kọ́ fún péptáìdì ní síńkì, kí o tó da alátakò sí i. Lọ́jọ́ kejì, kọ́kọ́ fún alátakò, kí o tó da péptáìdì sí i. Bí ibi méjèèjì bá parí sí nọ́ńbà kan náà, ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀. Bí wọn kò bá pàdé, ó ṣì ń lọ lọ́wọ́, kò sì yẹ kí o pe nǹkan kan ní Kd. Àwọn síńkì kan máa ń fi wákàtí púpọ̀ jáde kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dì wọ́n mú. Fi í sílẹ̀ mọ́jú kí o tún un wò.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan gbà ọ́ níyànjú pé kí o lo ITC, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Ẹ̀rọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìdíwọ́ kan náà ló ní bí ìdìmú bá le jù. Ooru tó sì ń kà kì í ṣe ti síńkì nìkan: cysteine máa ń tú hydrogen sílẹ̀ bí síńkì bá dé, bọ́fà, ohun inú omi tó ń dá pH dúró, á gba hydrogen yẹn, ìyẹn náà á mú ooru tirẹ̀ wá. Ó kéré tán, ṣe é nínú bọ́fà méjì kí o lè yọ ti bọ́fà kúrò.

Ó wá kan ìbéèrè ibi tí mẹ́tàlì jókòó sí. Odi ni síńkì. Àyè ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù d rẹ̀ kún, mẹ́wàá pérépéré, nítorí náà kò ní àwọ̀, kò sì sí àmì kankan tí ojú tàbí magnẹ́ẹ̀tì lè rí. Kóbáltì ni yóò bá ọ sọ̀rọ̀ nípò rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bíi síńkì, iye agbára iná ara wọn sì bára mu, ṣùgbọ́n méje péré ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù d tirẹ̀. Nínú omi lásán, mólékù omi mẹ́fà ló yí i ká, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òdòdó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Bí ọwọ́ mẹ́rin bá gbá a mú láti igun mẹ́rin, àwọ̀ náà yí padà sí búlúù tàbí àwọ̀ ewé, yóò sì máa gba ìmọ́lẹ̀ láàárín 550 sí 700 nm. Bí ìgbìmọ́lẹ̀ náà, ìyẹn bí ó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó, bá ju 300 M⁻¹cm⁻¹ lọ, ọwọ́ mẹ́rin ló dì í mú. Bí kò bá tó 30, ọwọ́ mẹ́fà ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé etí péptáìdì ló kàn fara tì. Tún wo 300 sí 350 nm: ibẹ̀ ni súlfọ̀ ara cysteine ti ń fi ara hàn, bíi 900 sí 1,200 M⁻¹cm⁻¹ fún cysteine kọ̀ọ̀kan. Pín ohun tí o rí, wàá mọ iye cysteine tó ń bá a dì í. Mi ò mọ ìdánwò kan tó fi ìrọ̀rùn sọ ohun tó pọ̀ tó báyìí. Fi péptáìdì bíi 200 µM ṣe é kí àwọ̀ lè hàn dáadáa.

Ẹ̀bùn kejì tí kóbáltì ní fún ọ nìyí: òun náà lè jẹ́ alátakò. Ìdìmú rẹ̀ rọ̀ ju ti síńkì lọ, nítorí náà o lè kọ́kọ́ wọn Kd tirẹ̀, kí o wá máa kán síńkì sí i, kí o sì máa wo bí àwọ̀ ṣe ń lọ. Ọ̀nà yìí ni láàbù Jeremy Berg gbà ṣiṣẹ́ lórí CP-1, péptáìdì kan tí wọ́n ṣètò fúnra wọn, ní nǹkan bí 1991. Ìtàn CP-1 yẹ ní mímọ̀ fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ. Ní 1985, Aaron Klug àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i nínú TFIIIA, purotéènì inú ẹyin àkèré Xenopus, pé apá bíi 30 amino acid kan ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi cysteine méjì àti histidine méjì di síńkì mú. Èyí ni gbogbo ayé wá ń pè ní zinc finger. Láàbù Berg kó irú rẹ̀ 131 jọ, wọ́n wo amino acid tó wọ́pọ̀ jù ní àyè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ìyẹn kọ CP-1. Kd rẹ̀ sí kóbáltì jẹ́ bíi 60 nM. Ti síńkì wá sí bíi 6 pM, ó le ju ti kóbáltì lọ ní ìlọ́po bíi 10,000.

Kí ló fa àlàfo tó tó bẹ́ẹ̀ láàárín mẹ́tàlì méjì tó jọra? Kóbáltì máa ń jèrè agbára láti inú bí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù d rẹ̀ ṣe tò láàárín omi mẹ́fà. Bí a bá gbé e sáàárín ọwọ́ mẹ́rin, ó pàdánù lára èrè yẹn. Síńkì tí àyè tirẹ̀ kún kò ní nǹkan tó máa pàdánù. Nítorí náà, bí ìwọ náà bá rí àlàfo ńlá láàárín kóbáltì àti síńkì, ẹ̀rí ni pé ọwọ́ mẹ́rin ni àyè rẹ ní. Bí àlàfo náà bá kéré, fura.

Rántí pé síńkì kì í wọ inú péptáìdì ní òun nìkan. Omi mẹ́fà ló yí òun náà ká, ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ wọn sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ọwọ́ mẹ́rin tó wà lára péptáìdì kan ṣoṣo rọ́pò omi púpọ̀, omi tó bọ́ sílẹ̀ sì ní òmìnira, ohun tó ń ti ìdìmú síwájú nìyẹn. Ṣùgbọ́n péptáìdì tó ń ká nígbà tí síńkì dé ń san owó ìkákò náà láti inú agbára ìdìmú. Ìdí nìyí tí CD tó yí padà kò fi jẹ́ ẹ̀rí agbára ìdìmú, tí CD tí kò yí padà kò sì jẹ́ ẹ̀rí pé ìdìmú kò sí. Ní 1997, Dahiyat àti Mayo gbé FSD-1 jáde, péptáìdì tó ní amino acid 28, tí kọ̀ǹpútà yàn gbogbo lẹ́tà rẹ̀, tó sì ká bíi zinc finger láìsí síńkì rárá. Ìkákò jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ìdìmú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn kóbáltì, pààrọ̀ ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: cysteine kan sí alanine, amino acid tí kò ní ọwọ́ láti fi di mẹ́tàlì mú, kí o tún wọn ìdíje, histidine kan sí alanine, kí o tún wọ̀n ọ́n. Má retí pé ìdìmú yóò parẹ́ bí ọwọ́ kan bá kúrò, nítorí omi yóò gba àyè náà. Ohun tí o ń wá ni kó rọ̀, kí àwọ̀ kóbáltì sì yí padà sí ibi tó yẹ. Bí o bá yọ histidine kan, tí kò sí nǹkan tó yí padà, histidine yẹn kò sí lára àwọn tó ń dì í. Bí o bá ní ọ̀nà sí EXAFS, ìdánwò tó ń fi ìtànṣán X wo mẹ́tàlì, ó lè wọn jíjìn síńkì sí ẹni kọ̀ọ̀kan tó dì í mú: bíi 2.3 Å sí súlfọ̀, bíi 2.0 Å sí náítírójìn.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà jọ̀ọ́ wo inú ìgò rẹ kí o tó fún Kd kankan lórúkọ. Bí histidine mẹ́fà tí o fi fọ péptáìdì náà mọ́ bá ṣì wà ní ìdí rẹ̀, gé e kúrò. Òun náà ń di síńkì, kóbáltì àti níkẹ́lì mú, kò sì sí ẹ̀rí kan tó lè dúró nígbà tó wà níbẹ̀. Phosphate máa ń mú síńkì sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Nínú àwọn bọ́fà, Tris ń di mẹ́tàlì mú, HEPES sàn. DTT, èyí tí a ń lò kí cysteine má baà so mọ́ ara wọn, ń dì í mú pẹ̀lú agbára, lo TCEP nípò rẹ̀. Kí o sì wọn iye cysteine tó ṣì wà láàyè: cysteine méjì tó ti so mọ́ ara wọn nítorí afẹ́fẹ́ kò ní ọwọ́ mọ́ láti fún síńkì. Ìdánwò Ellman, tó ń mú àwọ̀ jáde ní 412 nm, yóò sọ fún ọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n yọ péptáìdì kúrò nínú TCEP kí o tó ṣe é, nítorí TCEP fúnra rẹ̀ máa ń mú àwọ̀ yẹn jáde.

Lórí ìwọ̀n péptáìdì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, orí òṣùwọ̀n ni mo ti ń wọn péptáìdì gbígbẹ, mo sì fi ìwọ̀n yẹn ṣírò µM. Oṣù mẹ́ta gbáko ni àwòrán mi fi ń yà ní 0.7, mo sì ń ronú oríṣiríṣi ìtàn nípa péptáìdì mẹ́ta tó ń pín síńkì méjì. Omi àti iyọ̀ tó kù lára ìyẹ̀fun náà láti ìgbà tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ ló mú ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo fi tryptophan, amino acid tó ń gba ìmọ́lẹ̀, wọ̀n ọ́n ní 280 nm, igun náà padà sí 1. Bí péptáìdì rẹ kò bá ní tryptophan, fi ọ̀kan sí i sí ibi tó jìnnà sí mẹ́tàlì. Ìgbìmọ́lẹ̀ 5,500 M⁻¹cm⁻¹ tirẹ̀ tọ́ sí i.

Ní ti bàbà: bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ó di péptáìdì rẹ mú ju síńkì lọ, èyí kò sì túmọ̀ sí pé ètò rẹ bàjẹ́. Irving àti Williams ti fi hàn láti 1948 pé bí a bá to àwọn mẹ́tàlì yìí lẹ́sẹẹsẹ, ìdìmú máa ń le sí i láti máńgáníìsì, sí irin, kóbáltì, níkẹ́lì, títí dé bàbà, kí ó tó dín kù níbi síńkì. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlì fúnra rẹ̀ nìyẹn, ó ń ṣẹlẹ̀ sí purotéènì inú ara náà. Inú sẹ́ẹ̀lì kì í fi ìdìmú nìkan yàn. Ó ń ṣọ́ ìwọ̀n mẹ́tàlì tó ń dá rìn, bàbà ni ó sì ń ṣọ́ jù.

Nítorí náà, má kọ ọ́ pé péptáìdì rẹ “yan síńkì.” Kọ Kd síńkì, pH, bọ́fà àti alátakò tí o lò. Má da bàbà oníná méjì (Cu²⁺) sínú cysteine kí o máa pe ohun tí o rí ní ìdìmú. Yóò kó ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ cysteine, yóò so wọ́n mọ́ ara wọn, òun fúnra rẹ̀ á sì di bàbà oníná kan (Cu⁺). Wo ìbẹ̀rẹ̀ péptáìdì rẹ pẹ̀lú: bí histidine bá wà ní àyè kẹta, tí ìbẹ̀rẹ̀ náà kò sì ní ìbòrí acetyl, ibẹ̀ ni bàbà oníná méjì àti níkẹ́lì yóò kọ́kọ́ jókòó, láìdé ibi tí o ṣètò rárá. Bí o bá fẹ́ nọ́ńbà gidi fún bàbà oníná kan, ṣe é láàárín argon tí ọ́síjìn kò sí, kí o sì fi BCS, mólékù tó ń di bàbà oníná kan mú, ṣe alátakò. BCS méjì ló ń gbá bàbà kan mú, tí wọ́n sì ń gba ìmọ́lẹ̀ ní 483 nm, nítorí náà nínú ìṣirò rẹ, o gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n BCS sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (BCS × BCS). Kọ́kọ́ parí ti kóbáltì ná. Àwọ̀ tí o bá rí níbẹ̀ ni yóò sọ bóyá ti bàbà tó ohun tí à ń lo argon fún.